Òṣómàáló Inú Ẹ̀rọ

Lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta ní Òkè-Ọmírù,
ẹgbẹ̀rin ẹyin wà nínú àpótí asàba,
mo jókòó tì wọ́n bí àgbébọ̀ tí kò ní ìyẹ́.
Àpótí mẹ́ta ni, kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ń ṣọ́ wọn:
ọ̀kan ń sọ èdè Wíńdòòsì, ó ń ṣe fújà;
ọ̀kan jẹ́ Línọ́ọ̀sì, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀;
ẹ̀kẹta, àlòkù ni Alàgbà Owóẹyẹ rà á ní Ifẹ̀,
títí di òní mi ò tíì mọ èdè abínibí rẹ̀.

Iná dé. Ráútà jí, ó ti gbàgbé gbogbo wa.
Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ojúlé bí onílé tuntun tí ń pín yàrá.
Àpótí kejì, tó ń jẹ́
igba ó dín mẹ́jọ, méjìdínláàádọ́sàn-án, oókan, ogún,
ti kó lọ sí oókànlélógún, kò dágbére.
Ètò tí mo kọ ṣì ń kan ilẹ̀kùn ogún,
ó ń sọ fún yàrá òfìfo pé kó dín ooru kù.

Ẹyin mọ́kàndínlọ́gọ́ta kú kí ilẹ̀ tó mọ́.
Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.
Alàgbà ò bú mi. Ó kàn ní:
“Ṣé o ò lè bi í léèrè ibi tó wà ni?”

Mo bi wọ́n. Wíńdòòsì tú ìtàn ojú-ewé kan sílẹ̀,
ojúlé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìtàn.
Línọ́ọ̀sì ní:
“Mẹ́tàdínláàádóje, òdo, òdo, oókan.”
Mo rẹ́rìn-ín, inú mi ò dùn.
Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ gbogbo ń pe ara rẹ̀
tó bá ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá tirẹ̀.
Ẹ bi ọmọ tó sọnù pé níbo nilé wọn,
ó ní, “Ilé wa ni.”
Kò purọ́.
Ọ̀nà wo lẹ ó wá mú un gbà?

Ìgbà náà ni mo rántí Fáróḿbí, bàbá bàbá mi,
tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó aṣọ àwìn dé ilẹ̀ Tápà.
Ilé ò ní nọ́ńbà láyé ìgbà yẹn.
Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, epo ti jẹ ẹ́ létí:
*Ìyá Àsàbí, ẹ̀gbẹ́ ògiri tó wó. Ṣílè mẹ́rin.*
*Aróbíẹkẹ́, kò sí nílé. Kò sí nílé. Mo bá a.*
Ó dé Èkìtì, ó sọ ti Èkìtì;
ó dé Tápà, ó fi Tápà kí wọn;
ahọ́n ló ń pààrọ̀, gbèsè ò pààrọ̀.
Bí onígbèsè bá wá ń wojú ọ̀run,
á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà,
òòrùn á pa á, kò ní dìde.

Mo tún ètò náà kọ,
lórí tábìlì tí ìyẹ́ òròmọdìẹ ń bà lé.
Ìlà mẹ́rìnlélógójì.
Ó ń bi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lédè ilé rẹ̀,
ó ń gé ìtàn sọnù, ó ń mú nọ́ńbà.
Ẹni tó bá dáhùn mẹ́tàdínláàádóje,
á ní, “Mo gbọ́. Ti ìta ńkọ́?”
Ẹni tó bá dákẹ́, á sinmi díẹ̀, á tún kàn án.
Á tún kàn án.
Mo sọ fáìlì náà ní Farombi,
láìsí àmì ohùn kankan lórí,
torí àlòkù Ifẹ̀ yẹn ò mọ àmì ohùn.

Iná tún lọ lánàá. Nígbà tó dé,
Wíńdòòsì jẹ́ni lóhùn, Línọ́ọ̀sì sọ ibi tó wà gan-an.
Ẹ̀kẹta ò fọhùn.
Farombi ń kan ilẹ̀kùn.
Mo ti àga mi sẹ́yìn,
mo lóṣòó síwájú rẹ̀.